Ìlọ́ra sọ́fítíwíà àmójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ètò orúkọ

Ìlọ́ra sọ́fítíwíà àmójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ ìṣòro tí ó máa ń wáyé nígbà tí sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣọ́ àwọn kọ̀ǹpútà, ráútà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí a so pọ̀ bá ń pẹ́ jù kí ó tó gbé èsì jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀kan lára àwọn okùnfà tí ó wọ́pọ̀ fún ìṣòro yìí ni ètò orúkọ dòméènì, èyí tí a mọ̀ sí DNS. Ètò yìí ni ó ń sọ orúkọ tí ènìyàn lè kà di àdírẹ́sì oní-nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń lò, òun náà ni ó sì ń sọ àdírẹ́sì padà di orúkọ. Bí sáfà orúkọ kan kò bá fèsì, sọ́fítíwíà tí ó bi í ní ìbéèrè yóò dúró títí àkókò tí a dá fún un yóò fi pé. Ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yóò sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ń falẹ̀.

Àṣìmọ̀ yìí máa ń náni ní owó àti àkókò. Ilé-iṣẹ́ lè ra sáfà tuntun, tàbí kí ó fi kún owó tí ó ń san fún íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì kékeré kan ni ó yẹ kí a tún ṣe.

Ìtàn

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ARPANET tí íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ti jáde wá ṣì kéré, fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HOSTS.TXT ni a kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn kọ̀ǹpútà sí. Ilé ìwádìí SRI ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California, ni ó ń tọ́jú fáìlì náà, Elizabeth Feinler sì ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Alábòójútó kọ̀ọ̀kan ní láti máa ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i ni fáìlì náà ń gùn sí i, tí àwọn àdàkọ tí ó wà káàkiri kò sì bára wọn mu mọ́.

Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Information Sciences Institute ti University of Southern California, gbé ètò DNS jáde nínú ìwé RFC 882 àti RFC 883. Ní ọdún 1987, RFC 1034 àti RFC 1035 rọ́pò wọn, àwọn méjèèjì yìí ni ìpìlẹ̀ ètò náà títí di òní. Ní ọdún 1988 ni SNMP jáde, ìyẹn ìlànà tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà àmójútó fi ń béèrè ipò tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà. Nítorí pé orúkọ ni ó rọrùn fún ènìyàn láti rántí, àwọn sọ́fítíwíà yìí sábà máa ń fẹ́ fi orúkọ ẹ̀rọ hàn dípò nọ́ńbà rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àmójútó ti di ohun tí ó gbára lé ètò orúkọ.

Bí ètò orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń tú orúkọ dòméènì. Nínú yo.wikipedia.org, org ni ó wà lókè, wikipedia wà lábẹ́ rẹ̀, yo tí í ṣe ti èdè Yorùbá sì wà lábẹ́ wikipedia. Kọ̀ǹpútà tí ó bá ń wá orúkọ yìí yóò kọ́kọ́ bi sáfà orúkọ tí ó sún mọ́ ọn. Bí sáfà yìí kò bá ní ìdáhùn nípamọ́, yóò bi àwọn sáfà gbòǹgbò, lẹ́yìn náà àwọn ti org, lẹ́yìn náà àwọn ti wikipedia.org. Yóò wá tọ́jú ìdáhùn náà fún àkókò tí ẹni tí ó ni dòméènì ti yàn, kí ìbéèrè tí ó bá tẹ̀ lé e lè yára.

Ìbéèrè tí ó máa ń ti àdírẹ́sì lọ sí orúkọ ń gba ọ̀nà mìíràn. Bí àdírẹ́sì bá jẹ́ 192.168.1.20, a óò yí i padà di 20.1.168.192.in-addr.arpa, a óò sì wá àkọsílẹ̀ tí a ń pè ní PTR lábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè irú èyí ni sọ́fítíwíà àmójútó sábà máa ń ṣe jù, nítorí pé gbogbo àdírẹ́sì tí ó bá rí ni ó fẹ́ fún ní orúkọ. Ṣùgbọ́n alábòójútó tí ó ti kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lè gbàgbé láti kọ PTR wọn.

Ìyàtọ̀ láàárín «kò sí» àti ìdákẹ́

Nǹkan mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ìbéèrè: sáfà lè dáhùn, ó lè sọ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sí, ó sì lè dákẹ́. Méjì àkọ́kọ́ kì í sábà gbà ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ìdákẹ́ ni ó ń fa ìlọ́ra, nítorí pé ẹni tí ó béèrè kò lè mọ̀ bóyá ìdáhùn ṣì ń bọ̀ lọ́nà tàbí kò ní í dé mọ́.

Lórí Linux, fáìlì /etc/resolv.conf ni ó máa ń sọ àwọn sáfà orúkọ tí kọ̀ǹpútà yóò bi, wọn kì í sì í ju 3 lọ. Bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ni kọ̀ǹpútà yóò fi dúró de sáfà kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sì gbìyànjú. Bí sáfà àkọ́kọ́ bá ti kú, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 ṣòfò kí ó tó kan èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni a kọ sínú fáìlì náà, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ìbéèrè yóò gbà kí ó tó kùnà.

A lè fi ìṣirò kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí sọ́fítíwíà kan bá ń ṣọ́ ẹ̀rọ 60, tí ó ń wá orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5 gééré. Ìṣẹ́jú 5 yìí náà sì ni àwọn sọ́fítíwíà bíi MRTG àti Cacti sábà máa ń fi sí àárín àyẹ̀wò kan àti èkejì. Ìdúró nìkan yóò ti jẹ gbogbo àkókò náà tán kí a tó wọn ẹ̀rọ kankan. Àlàfo yóò wá hàn lórí àwòrán ìwọ̀n, ẹni tí ó bá sì wò ó lè rò pé ẹ̀rọ kan ti kú.

Àwọn àmì

Àwọn àmì wọ̀nyí ni ó máa ń fi hàn pé ètò orúkọ ni ó ń fa ìlọ́ra:

• Ìdádúró náà kì í yí padà: ó máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 5, 10 tàbí 15. Ní ti ìlà tí èrò pọ̀ lórí rẹ̀, iye àkókò máa ń lọ sókè sódò.
• Iṣẹ́ kò pọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ààyè sì wà nínú ìrántí rẹ̀, síbẹ̀ sọ́fítíwíà dúró sójú kan.
• Ẹ̀rọ ń fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí a bá fi nọ́ńbà pè é, ó sì ń pẹ́ bí a bá fi orúkọ pè é.
• Àtiwọlé pẹ̀lú SSH ń pẹ́ kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Sáfà OpenSSH àtijọ́ máa ń wá orúkọ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Láti ẹ̀dà 6.8 ti ọdún 2015 ni wọ́n ti pa àṣà yìí tì, àyàfi bí alábòójútó bá fúnra rẹ̀ tan án.

Ìlànà ìwádìí

1. Kí a pa wíwá orúkọ. Àwọn àṣẹ traceroute, netstat àti tcpdump ní àmì -n tí ó ń jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà nìkan hàn. Lórí Windows, tracert -d ni a ń lò. Bí àṣẹ tí ó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ bá yára lẹ́yìn èyí, ètò orúkọ ni kí a tọpa.

2. Kí a wọn àkókò ìdáhùn. Àṣẹ dig máa ń sọ iye àkókò tí ìbéèrè gbà, dig -x sì wà fún àdírẹ́sì. Ó dára kí a bi sáfà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú resolv.conf lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú àmì @, nítorí pé sáfà kejì tí ó yè lè bo àṣírí èkíní tí ó ti kú.

3. Kí a fi getent hosts yẹ orúkọ kan náà wò. Sáfà orúkọ ni dig máa ń bi tààrà, ṣùgbọ́n getent ń gba ọ̀nà tí àwọn sọ́fítíwíà mìíràn ń gbà, ó sì ń ka /etc/nsswitch.conf àti /etc/hosts. Bí dig bá yára tí getent sì ń pẹ́, ó ṣeé ṣe kí àléébù wà nínú ètò kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀.

4. Kí a wo ìbéèrè bí ó ṣe ń lọ. Àṣẹ tcpdump -n port 53 yóò fi ìbéèrè tí ó jáde láìsí ìdáhùn hàn, pẹ̀lú àdírẹ́sì sáfà tí ó dákẹ́.

5. Bí ètò orúkọ bá mọ́, kí a wo ibòmíràn. Àwọn àṣẹ Net-SNMP, bí a kò bá yí wọn padà, máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 1, wọn a sì tún ìbéèrè ṣe ní ìgbà 5. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí kò fèsì yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 6. Àkójọ dátà tí ó ti tóbi jù tàbí dísìkì tí ó kún náà lè fa ìlọ́ra.

Àwọn okùnfà àti àtúnṣe wọn

Sáfà tí kò sí mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá pààrọ̀ sáfà orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì àtijọ́ lè ṣẹ́kù nínú resolv.conf àwọn kọ̀ǹpútà kan. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yọ ọ́ kúrò. Ìlà options timeout:1 lè dín ìdúró kù, ṣùgbọ́n kò wo àìsàn náà sàn.

Àdírẹ́sì abẹ́lé tí kò ní PTR. RFC 1918 ti ọdún 1996 ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún lílò nínú ilé, lára wọn ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 192.168. Kò sí sáfà kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lè mọ ẹ̀rọ ta ni irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, sáfà orúkọ ti ilé-iṣẹ́ náà ni ó yẹ kí ó máa dáhùn ìbéèrè nípa wọn, kí ó má ṣe rán an jáde. Bí kò bá tilẹ̀ ní orúkọ fún wọn, «kò sí» tí ó yára sàn ju ìdákẹ́ lọ.

Firewall tí ó dí ọ̀nà. UDP ni ìbéèrè orúkọ sábà máa ń gbà, ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá tóbi jù, TCP ni a óò fi tún un béèrè. Firewall tí ó gba UDP láàyè lórí ojú ọ̀nà 53 tí ó sì dí TCP yóò jẹ́ kí àwọn orúkọ kan yára, kí àwọn mìíràn sì máa pẹ́.

Ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Linux sábà máa ń béèrè àdírẹ́sì IPv4 àti ti IPv6 pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń sọ ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì nù, tí ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá 5 yóò fi wáyé. Options single-request-reopen nínú resolv.conf wà fún irú èyí.

Fáìlì hosts. A lè kọ orúkọ àwọn ẹ̀rọ díẹ̀ sínú /etc/hosts kí a má baà máa bi sáfà rárá. Èyí yára, ṣùgbọ́n ìṣòro HOSTS.TXT àtijọ́ ń bẹ nínú rẹ̀: bí àdírẹ́sì bá yí padà, gbogbo àdàkọ ni a ní láti tún kọ.

Nígbà tí orúkọ bá pòórá pátápátá

Ìlọ́ra ni sáfà orúkọ kan tí ó kú máa ń fà. Bí gbogbo wọn bá kú pọ̀, irinṣẹ́ tí a fẹ́ fi wá àléébù lè kú pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí 6. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe, àṣẹ kan tí wọ́n pa lásìkò iṣẹ́ ìtọ́jú láti fi wo agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ni ó já àwọn ilé dátà wọn kúrò lára ara wọn. A ti ṣètò àwọn sáfà orúkọ wọn láti yọ ara wọn kúrò lójú ọ̀nà bí wọn kò bá lè bá ilé dátà sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ṣe. Àwọn sáfà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí pé ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ abẹ́lé tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn fi ń wádìí ìṣòro náà gbára lé DNS, àwọn náà dákẹ́, wọ́n sì ní láti rán ènìyàn lọ sí ilé dátà fúnra rẹ̀.

Ìdènà

Ìwé ìtọ́nisọ́nà Nagios kìlọ̀ pé bí a bá fi orúkọ dípò àdírẹ́sì ẹ̀rọ, ìṣòro lè wáyé nígbà tí DNS kò bá sí. Nítorí náà, ó dára kí àwọn ẹ̀rọ pàtàkì wà nínú sọ́fítíwíà àmójútó pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ó tún dára kí sáfà orúkọ má ṣe dín ní méjì, kí wọ́n má sì wà lórí ìlà kan náà. Bí a ṣe ń ṣọ́ ráútà ni kí a máa ṣọ́ àwọn sáfà orúkọ, kí a sì máa wọn àkókò tí wọ́n fi ń dáhùn. Kí àkójọ àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣe kókó sì wà ní ibi tí a ti lè kà á láìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì.