Àáró Ìmọ́tótó: Ta Ni Yóò Gbá Ojú Ọ̀nà Àdúgbò Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀." Mo fi òwe yìí ṣíde nítorí pé ọ̀rọ̀ ohun tí à ń dà nù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: ibi tí à ń dà á sí, àti ẹni tí ó yẹ kí ó kó o. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé kí ènìyàn gbé ọwọ̀ jáde láti gbá ojú ọ̀nà láìgba kọ́bọ̀ jẹ́ àṣà òyìnbó tàbí iṣẹ́ ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

ILẸ̀, PÀǸTÍ ÀTI ÀÀTÀN

Nínú èdè wa, "ilẹ̀" kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nìkan. Ohun tí a fi ọwọ̀ gbá jọ náà ń jẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyá fi ń sọ fún ọmọ pé, "Lọ da ilẹ̀ yẹn nù." Pàǹtí ni ohun wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí ó fọ́n káàkiri. Ibi tí à ń da ilẹ̀ àti pàǹtí sí ni ààtàn, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkìtàn. Òwe sì sọ pé, "Àkìtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀." Ẹni tí ó ní ìfaradà, tí ó lè gba tibi tire mọ́ra, ni a ń pa òwe yìí fún.

Láyé àtijọ́, òótọ́ ni òwe náà láìku síbì kan. Ewé eéran àti ewé gbódógi ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ààrò àti ewé ẹ̀kọ ni ó ń lọ sí ààtàn. Gbogbo wọn ń jẹrà, wọ́n ń di ilẹ̀dú. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ata tí wọ́n ń hù létí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn wọ́n.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1990 sí 2000, omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní píọ̀ wọ́tà gbòde, nǹkan sì yí padà. Ọmọ tí ó ju ewé ẹ̀kọ sílẹ̀ nígbà ayé ìyá mi kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí òjò díẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di ilẹ̀. Ọmọ tí ó ju ọ̀rá sílẹ̀ lónìí lè dàgbà, kí ó gbéyàwó, kí ó bímọ, kí ọ̀rá náà sì wà níbẹ̀. Ìwà kan náà ni. Ohun tí ọwọ́ ń jù ni ó yàtọ̀.

OHUN TÍ GỌ́TÀ DÍDÍ Ń FÀ

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ omíyalé Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó wọ ilé, ó gbé ọjà, ó gbé mọ́tò, ó sì gbé ènìyàn lọ. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí sínú odò títí omi kò fi ríbi gbà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà, ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún sì bá a lọ.

Yàtọ̀ sí omíyalé, àìsàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Agolo àti táyà àlòkù tí omi òjò dúró sí ni ẹ̀fọn ń yé sí. Òkìtì ìdọ̀tí ni èkúté ń wá oúnjẹ lọ, èkúté ni ó sì ń gbé ibà Lassa wọ inú ilé. Bí omi gọ́tà bá dàpọ̀ mọ́ omi kànga, àrùn onígbáméjì kò jìnnà mọ́. Àwọn àgbà kò parọ́ tí wọ́n sọ pé ìmọ́tótó ń borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń borí ooru.

IṢẸ́ ÀPAPỌ̀ MẸ́TA NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn baba wa ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́, ó sì yẹ kí á mọ ìyàtọ̀ wọn.

1. Àáró. Àwọn ẹgbẹ́ tí agbára wọn dọ́gba ni ó ń ṣe é. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, wọn á jọ ro oko ẹnì kìíní lónìí, wọn á ro ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí a bá ṣe àáró fún jẹ gbèsè iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ san án.

2. Ọ̀wẹ̀. Ẹnì kan ni ó ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ tirẹ̀, bóyá láti kọ́lé tàbí láti ro oko àna rẹ̀. Kò ní sanwó, ṣùgbọ́n yóò fún wọn ní oúnjẹ àti ohun mímu. Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

3. Iṣẹ́ ìlú. Ọba tàbí baálẹ̀ ni ó ń rán akéde jáde pé kí gbogbo ilé wá yẹ ọ̀nà odò, tàbí kí wọ́n wá tún ọjà ṣe. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní regbéregbé ni wọ́n máa ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní irú àṣà yìí. Àwọn ará Estonia ní èyí tí ó jọ ọ̀wẹ̀ wa gan-an, talgud ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2008, nǹkan bí 50,000 ènìyàn jáde níbẹ̀ láti kó ìdọ̀tí tí wọ́n ti dà sínú igbó. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni Ọjọ́ Ìmọ́tótó Àgbáyé ti jáde, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018.

BÍ Ó ṢE DI IṢẸ́ ÌJỌBA LÓJÚ WA

Nígbà tí òyìnbó dé, wọ́n gba wọlé-wọlé sí iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ń wọ ilé kiri, wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, onílé dáràn. Lẹ́yìn náà, ìjọba ológun gbé ètò WAI kalẹ̀ ní ọdún 1984, láti gbógun ti ìwà àìlétò. Láti ìgbà náà ni a ti mọ Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù sí ọjọ́ ìmọ́tótó: kò sí ìrìn láti aago méje sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní ìparí ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé dídá ènìyàn dúró láti rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi kò sọ pé ètò yẹn kò dára. Ìlú mọ́ tónítóní nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní nǹkan kan tí kò dára: pé bí a kò bá rí sójà tàbí ọlọ́pàá, kò sí ohun tó kàn wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà odò ti jẹ́ tiwa rí, tí ẹnikẹ́ni kò nílò kóbòkò kí ó tó lọ yẹ̀ ẹ́.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ ÀDÚGBÒ MI

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá iwájú ilé mi ní àràárọ̀. Àwọn ènìyàn fi mí ṣe ẹ̀rín. Ẹnì kan bi mí pé, "Tísà, ṣé owó ìfẹ̀yìntì yín ni kò tíì jáde?" Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ìyá àgbàlagbà kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa níbi tí gbogbo gọ́tà parí sí. Èlùbọ́ ni ó ń tà. Ní òru ọjọ́ kan, òjò rọ̀, gọ́tà dí, omi wọ yàrá rẹ̀, gbogbo àpò èlùbọ́ rẹ̀ sì bàjẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ kí i pé ẹ kú ewu. Ó dá wa lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rá tí mo kó jáde nínú yàrá mi yìí, kì í ṣe èmi ni mo mu omi inú wọn." Kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Èmi tí mo ń ṣa iwájú ilé mi nìkan, ojú tì mí.

A ṣe ìpàdé onílé, a fi ẹnu kò sí ọ̀wẹ̀. Ní Sátidé, ènìyàn jáde bí eṣú. A wa ẹrẹ̀ gọ́tà, a jẹ àkàrà, a pa àwàdà, a túká. Ṣùgbọ́n a ṣe àṣìṣe ńlá kan: etí gọ́tà ni a kó ẹrẹ̀ náà sí, kò sì sí ẹni tí ó ṣètò ibi tí yóò lọ. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ọ̀wẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọ̀wẹ̀ wà fún iṣẹ́ tí ó ń parí, bíi kíkọ́ ilé. Ìdọ̀tí kì í parí. Àáró ni ó bá a mu. Ilé mẹ́rìnlélógún ni ó wà ní òpópónà wa. A pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà, ilé mẹ́rin ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kan bá ṣe tirẹ̀ lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i kí ó tó tún kàn án. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé òun nìkan ni wọ́n ń lò.

Baba ilé kan kọ̀. Ó ní òun ń san owó akódọ̀tí. Àwọn kan ní kí a bu owó ìtanràn lé e. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a máa gbá iwájú ilé rẹ̀ náà. Nígbà kẹta tí ó kàn wọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra wọn gbé ọwọ̀ jáde. Baba wọn kò tíì jáde títí di òní, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n wọlé. Ní ìgbà òjò tí ó kọjá, omi dé ẹnu ọ̀nà ìyá elélùbọ́. Kò wọlé.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ BẸ̀RẸ̀ NÍ TIYÍN

- Ẹ ṣètò ọkọ̀ akódọ̀tí tàbí ọmọlanke ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Ẹrẹ̀ tí ẹ bá wà lónìí kò gbọdọ̀ sùn sí etí gọ́tà.
- Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ìgbà òjò tó wọlé. Ẹ jáde ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú.
- Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà. Ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ àlòkù kì í wọ́n nínú gọ́tà.
- Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọ inú gọ́tà. Kí wọ́n ṣa ohun gbígbẹ nìkan.
- Ẹ ya ike àti agolo sọ́tọ̀, àwọn tí ń ra àlòkù yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Owó rẹ̀ lè ra ọwọ̀ tuntun.
- Ẹ má ṣe sun ọ̀rá. Èéfín rẹ̀ lóró.

ÀWỌN ÒWE TÍ Ó BÁ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ MU

"Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́." Ìtumọ̀: ẹnì kan kò lè dá mọ́. Ìlò: ẹ fi pe àwọn ènìyàn sí àáró.

"Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé." Ìtumọ̀: ẹni tí ó fa ìnira kì í rántí, ẹni tí ó jẹ ìyà rẹ̀ ni ó ń rántí. Ọ̀rọ̀ ìyá elélùbọ́ gan-an nìyí.

"Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru." Ìlò: ẹ fi bá ẹni tí ó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà wí, ṣùgbọ́n ẹ pa á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pàápàá bí ó bá ju yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé, "Tótó ó ṣe bí òwe o."

"Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù." Ìlò: fún ẹni tí ó ń ṣa ọ̀rá nìkan tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀rín. Kí ó má ṣe sú u.

Ní ọ̀la, bí ẹ bá jí, ẹ wo gọ́tà iwájú ilé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó ń gbé níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí ogun omi o. Ó dàbọ̀.