Bíà pípọn nílé: Ẹ má jẹ́ kí owó họ́ọ̀pù bá ooru lọ

Ẹni tó ń gbé ní Ìjẹ̀dẹ, lágbègbè Ìkòròdú, tó bá fẹ́ máa pọn bíà níwọ̀nba nínú ilé rẹ̀, kò ní í pẹ́ rí ìkòkò ńlá, omi àti ọkà bàbà kó jọ. Ohun tí kò ní í bá lọ́jà ni họ́ọ̀pù, ìyẹn òdòdó tó ń mú kí bíà korò, tó tún ń jẹ́ kó ta sánsán. Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, tó fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Látìgbà náà ni yíyan họ́ọ̀pù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ adùn lásán, ọ̀rọ̀ owó ló dà.

Ẹni tó bá ń ronú pé òun yóò gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò rọrùn. Bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá ni họ́ọ̀pù ń gun okùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ òtútù tí yóò fi sinmi lọ́dọọdún, ó sì fẹ́ àkókò tí ojúmọ́ máa ń gùn gan-an kó tó yọ òdòdó dáadáa. Ní Ìjẹ̀dẹ, nǹkan bíi wákàtí 12 ni ojúmọ́ ń lò yípo ọdún. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Hallertau ní Jámánì àti Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbajúmọ̀ fún un. Nílẹ̀ Áfíríkà, agbègbè ìlú George ní South Africa ni wọ́n ti ń gbìn ín tà.

Iṣẹ́ méjì ni họ́ọ̀pù ń ṣe, àìmọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ló sì ń jẹ owó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkorò. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní alpha acid, àfi kó hó lórí iná fún bíi wákàtí kan kó tó korò bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ kejì ni òórùn dídùn. Inú òróró họ́ọ̀pù nìyẹn wà, òróró yìí kì í sì í dúró de iná, ńṣe ló ń bá ooru ìkòkò lọ. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í da ẹfinrin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni họ́ọ̀pù olóòórùn: ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀, tàbí lẹ́yìn tí ọtí bá ti hó tán nínú kẹ́ẹ̀gì, ló yẹ kó wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra họ́ọ̀pù, kó kọ́kọ́ wo iye alpha acid tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Magnum, tó wá láti Jámánì, sábà máa ń ní ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Cascade, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, kì í ju bíi ìdá 5 sí 7 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún ìkòkò 20 líta, 20 gíráàmù Magnum onídàá 12 yóò korò bíi 40 gíráàmù Cascade onídàá 6. Ẹni tó bá fi Cascade wá kíkorò ti ra ìlọ́po méjì, òórùn tó sanwó fún sì ti fẹ́ lọ.

Àmọ́ fún òórùn pale ale, bíà aláwọ̀ oyin, Cascade ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ilé iṣẹ́ Sierra Nevada ní California fi sọ pale ale tirẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 1980. Òórùn rẹ̀ fara jọ èèpo ọsàn àti òdòdó. Citra máa ń rùn bíi máńgòrò àti ọsàn wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tó ni ín, nígbà tí ẹnikẹ́ni lè gbin Cascade. Ẹni tí kò fẹ́ kí òórùn pọ̀ jù lè mú East Kent Goldings ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti kíkorò, nǹkan ilé náà lè ranni lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé lọ́dún 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yí sí. Láàárín àkókò náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nílẹ̀ wa dán orógbó wò dípò họ́ọ̀pù, àwọn mìíràn sì dán ewúro wò. Méjèèjì korò dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní òórùn họ́ọ̀pù. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù lè fi ìwọ̀nba wọn ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́, kó wá ná dọ́là rẹ̀ sórí ìkejì. Kó kọ́kọ́ fi ìkòkò kékeré, bíi líta 5, dán an wò, kó má baà ba gbogbo ọtí jẹ́.

Ooru ilẹ̀ wa tún jẹ́ ọ̀tá họ́ọ̀pù. Bí afẹ́fẹ́ àti ooru bá ràn án, òórùn wàràkàṣì ni yóò máa rùn. Inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, nínú fírísà, ni àyè rẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀dẹ ni ibùdó mànàmáná Ẹgbin, tí wọ́n ṣe láti pèsè megawatt 1,320, wà, iná ṣì lè lọ nígbàkigbà. Ó sàn kéèyàn máa ra díẹ̀díẹ̀ tí yóò lò tán ju kó rà pọ̀ kó bàjẹ́.

Bákan náà ni ìwúkàrà. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi ń ṣe pale ale fẹ́ ìwọ̀n 18 sí 22 Celsius. Bí ilé bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, adùn tí kò bára dé yóò bo òórùn họ́ọ̀pù tí wọ́n fowó rà. Gbígbé kẹ́ẹ̀gì sínú omi tútù pẹ̀lú aṣọ tútù lára rẹ̀ máa ń ṣèrànwọ́. Irú kan tún wà láti ilẹ̀ Norway, kveik, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìwọ̀n 30 sókè.

Ẹni tó bá ní 80 gíráàmù Cascade fún líta 20 lè da 30 sí i bí ìkòkò bá ti kúrò lórí iná, tó tutù dé bíi 80 Celsius. Kó fi 50 yòókù sínú kẹ́ẹ̀gì fún ọjọ́ mẹ́ta bí ọtí bá ti hó tán. Fún mímu nínú ilé nìyí o. Ọjọ́ tó bá ti ń ronú àtità, àfi kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ NAFDAC.