Ẹsẹ Kẹrin Tí Àwọn Bàbá Máa Ń Fò

Tí òbí bá mú ọmọ wá sí kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́: “Tíṣà, ẹ bá mi kọ́ ọ kó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà.” Àwọn bàbá a tiẹ̀ máa ka Éfésù orí 6 fún mi lórí, ẹsẹ 1 dé 3, níbi tí wọ́n ti ní kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Tí mo bá wá ní kí wọ́n ka ẹsẹ 4, tí Pọ́ọ̀lù ti kọjú sí bàbá fúnra rẹ̀ pé kó má ṣe mú ọmọ bínú, ikọ́ á dé.

Òfin karùn-ún nínú Òfin Mẹ́wàá, èyí tó ní ká bọ̀wọ̀ fún òbí (àwọn Àgùdà ń kà á sí ìkẹrin), kò mọ sọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Katikísímù inú Ìwé Àdúrà wa kó ọba àti àwọn aláṣẹ abẹ́ rẹ̀, olùkọ́ àti àlùfáà mọ́ ọn. Bàbá tó ń gba wán-wèé, tó yọrí lójú fèrèsé bú ọlọ́pàá ojú pópó, tó wá délé tó ń pariwo pé “Ṣé èmi lò ń wò báyẹn?”, ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ná.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Tí fóònù wọn bá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ mi á dìde lórí àga, á ṣí fìlà, á tẹ̀ ba bíi pé ìyá wà ní pálọ̀: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?” Màmá ò rí i, àwọn ọmọ ló ń rí i. Àbígbẹ̀yìn wa ò tíì mọ òfin kankan lórí, ṣùgbọ́n tó bá gba fóònù náà, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ojú wọn náà ni bàbá wọn ti ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Nínú Máàkù orí 7, Jésù bá àwọn tó ń gba ọmọ láyè wí, kí ọmọ máa pe owó ìtọ́jú òbí ní ọrẹ Ọlọ́run. Ìdọ̀bálẹ̀ tí kò lówó oògùn nínú, eré ni lójú tèmi.

Mo máa ń sọ ìtàn Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kó tó tún fojú kan Afala ìyá rẹ̀. Crowther ti di àlùfáà, ìyá ò tíì gbàgbọ́, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ní 1848 ló ṣèrìbọmi fún un, tó sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ọ̀wọ̀ ní ààlà ṣá o, ibẹ̀ sì ni àwọn òbí kan ti ń bá mi jà. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5, Pétérù ò gbà fún ìgbìmọ̀ tó ní kó pa ẹnu mọ́. Mo máa ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ: tí àgbà bá ní kí wọ́n purọ́, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n ní, “Ẹ má bínú, mi ò lè sọ ọ́.” Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, ìyẹn ò gba ìkúnlẹ̀: kí wọ́n pariwo, kí wọ́n sá, kí wọ́n wá sọ. Bàbá kan ní mo fẹ́ sọ ọmọ òun di aláfojúdi. Mo ní kó lọ bá ọmọ náà ṣe eré yìí nílé, kí òun ṣe àgbà onírọ́. Ó ṣe é. Ó padà wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ṣe jù: ìyá rẹ̀ ní kó lọ sọ fún alájọ pé òun ò sí nílé, ọmọ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú.