Alùpùpù Tuntun Tó Ń Dún Kọ̀-Kọ̀-Kọ̀: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe Kí Wáráǹtì Tó Parí

Ẹ̀yin tó wù láti kà ju kẹ́ ẹ gbọ́ lọ, ohun tá a sọ lórí ètò nìyí. A kàn tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn fún ojú ni.

Ìbéèrè kan máa ń wọlé sórí WhatsApp wa léraléra, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fún oníbàárà ní Ìbàdàn àti Èkó. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: "Mo ra máṣíìnì tuntun, kò tíì pé oṣù méjì, iwájú ẹ̀ ti ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ tí mo bá gun bọ́ǹpù. Mo gbé e padà lọ síbi tí mo ti rà á, wọ́n ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá títì tú u. Ẹ wá ibi tí ariwo náà ti ń wá, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ sì rí i pé ilé iṣẹ́ tó tà á fún yín kọ ọ́ sínú ìwé kí ọjọ́ wáráǹtì tó pé. Ariwo tí kò sí nínú ìwé, lójú wáráǹtì, kò dún rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá kí etí má gbádùn. Ẹni tó ń san owó máṣíìnì díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí máṣíìnì bá dúró, gbèsè kì í dúró. Yàtọ̀ sí owó, àwọn ariwo kan wà tó ń sọ fún yín pé ibi tí háńdù ti so mọ́ ara máṣíìnì ti ń mì. Ẹ̀mí lèyí.

Kí ni ṣọ́ọ̀kì ń ṣe gan-an?

Ẹ wo iwájú máṣíìnì yín. Irin gígùn méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Irin tó ń dán ń wọlé, ó ń jáde, nínú irin tó sanra jù ú lọ. Sípíríìnì gígùn wà nínú wọn, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí táyà bá já sí kòtò, sípíríìnì ló ń gba ìwúwo. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sípíríìnì nìkan ni, ńṣe ni máṣíìnì á máa fò sókè sódò bíi bọ́ọ̀lù. Ọ́ìlì tó ń gba inú ihò tóóró kọjá ló ń fà á sẹ́yìn kó má bàa fò jù. Róbà kan tún wà lẹ́nu irin náà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde.

Ní ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ máṣíìnì 100cc sí 150cc tá à ń gùn nílẹ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀kì méjì. Wọ́n dè é mọ́ fíréèmù lókè, wọ́n sì dè é mọ́ apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú nísàlẹ̀. Róbà kéékèèké wà níbi tí wọ́n ti dè é.

Ibi kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: orí fíréèmù, níbi tí háńdù ti ń yí sọ́tùn-ún sósì. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló sì mú gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí nọ́ọ̀tì yẹn bá dẹ̀, iwájú á máa dún bíi pé ṣọ́ọ̀kì ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Kí ló dé tí ohun tuntun fi ń dún?

Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí wọ́n ń tà níbí ló máa ń dé nínú páálí, tí wọ́n á sì tò ó pọ̀ níbí. Bóòtù tí wọn ò fún dáadáa lọ́jọ́ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èkejì ni pé àwọn bọ́ọ̀lù irin inú orí fíréèmù ṣì ń wá àyè jókòó sí. Bí wọ́n bá jókòó tán, àyè díẹ̀ á ṣẹ́ kù, nọ́ọ̀tì náà á sì fẹ́ kí wọ́n tún òun fún. Ìdí nìyí tí ìwé tó bá máṣíìnì wá fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ gbé e wá fún sáfíìsì àkọ́kọ́ kí ọ̀nà tó jìn, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín kìlómítà 500 sí 1,000. Ẹ wo iye tó wà nínú ìwé tiyín. Sáfíìsì yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíyí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìkan.

Ẹ kọ́ èdè ariwo náà

Kì í ṣe gbogbo ìró ló jẹ́ àbùkù. Bẹ́ ẹ bá tẹ iwájú máṣíìnì mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbọ́ "ṣìì" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọ́ìlì ló ń gba inú ihò kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe yẹn.

"Kọ̀" ẹyọ kan tó ń dún nígbà tẹ́ ẹ bá di bíréèkì iwájú mú, tó sì tún dún nígbà tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀: ẹ fura sí orí fíréèmù, tàbí bóòtù tó di bíréèkì mú.

"Kọ̀-kọ̀-kọ̀" lórí ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, kódà bẹ́ ẹ bá rọra ń lọ: ó lè jẹ́ orí fíréèmù, ó lè jẹ́ ohun tó ń mì nínú ṣọ́ọ̀kì, ó sì lè jẹ́ irin mọ́gáàdì lásán.

"Gbà!" nígbà tẹ́ ẹ bá já sí kòtò ńlá pẹ̀lú ẹrù: ṣọ́ọ̀kì ti lọ kan ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì, òrùka kan wà níbẹ̀ tó ní àtẹ̀gùn, tẹ́ ẹ lè yí kí sípíríìnì le sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù tàbí èèyàn. Ó wà nínú ìwé, kò sì ba wáráǹtì jẹ́. Kí ọ̀tún àti òsì ṣáà wà lórí àtẹ̀gùn kan náà.

Ìró tó dà bíi ti ilẹ̀kùn tí kò rí òróró fún ọdún mẹ́wàá: ó sábà máa ń wá láti ibi róbà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, tàbí ibi tí apá irin ẹ̀yìn ti ń tẹ̀.

Àyẹ̀wò tí kò nílò sípánà

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ yọ ohun tí kì í ṣe ti máṣíìnì kúrò lára ẹ̀. Àpótí ẹrù, irin tí wọ́n fi ń dáàbò bo ẹsẹ̀, agbòjò, kọ́kọ́rọ́ tó ń mì lẹ́nu ẹ̀, irinṣẹ́ abẹ́ àga. Ẹ gbọn mọ́gáàdì, nọ́ńbà ẹ̀yìn, àti díńgí. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tó bá tutù, kó bá iye inú ìwé mu. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gun ọ̀nà kan náà. Bí ariwo bá ti lọ, ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ ọjọ́ kan gbáko.

Bí kò bá lọ, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ẹ di bíréèkì iwájú mú gírígírí, ẹ wá tì í síwájú kẹ́ ẹ sì fà á sẹ́yìn. Ẹ fi ìka ọwọ́ kejì kan ibi tí háńdù ti pàdé orí fíréèmù. Bí ìka yín bá mọ̀ ọ́n lára pé irin kan ń sún lórí èkejì, ẹ ti rí nǹkan.

Ìkejì, ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín. Kí ẹnì kan tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ títí táyà iwájú á fi kúrò nílẹ̀. Ẹ jókòó síwájú ẹ̀, ẹ di ìsàlẹ̀ irin méjèèjì mú, ẹ fà á síwájú kẹ́ ẹ sì tì í sẹ́yìn. Kò yẹ kó mì. Ẹ yí háńdù sọ́tùn-ún sósì: kò yẹ kó há níbì kankan.

Ìkẹta, ẹ fi aṣọ funfun nu irin tó ń dán. Ẹ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ wá nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọ́ìlì bá yọ òrùka sí i lára, róbà ẹnu ẹ̀ ti ń jò.

Ẹ gbọ́ o: bí háńdù bá ń mì, tàbí ọ́ìlì ń ṣàn lọ sórí bíréèkì tàbí táyà, ẹ má gùn ún mọ́. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó tà á kí wọ́n wá gbé e, tàbí kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ gbé e lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Fóònù yín ni ẹlẹ́rìí

Ẹ ya fídíò. Ẹ kọ́kọ́ fi iye kìlómítà tó wà lójú máṣíìnì hàn, ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíì dúró lẹ́bàá bọ́ǹpù kó máa yà yín bẹ́ ẹ ṣe ń gùn ún kọjá. Ẹ má di fóònù mú tẹ́ ẹ bá ń gun máṣíìnì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin pẹ̀lú ẹrù, àti pẹ̀lú bíréèkì. Ẹ tọ́jú fídíò náà síbi tí kò ní pòórá, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ara yín.

Ariwo tó ń dún ní títì sábà máa ń dákẹ́ bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn gun máṣíìnì náà fúnra ẹ̀ lórí ọ̀nà tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ ọ.

Bẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ti rà á

Ẹ mú rìsíìtì, ìwé wáráǹtì àti àkọsílẹ̀ sáfíìsì dání. Ẹ ka ìwé wáráǹtì náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ó sábà máa ń ní iye oṣù àti iye kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló ń parí ẹ̀. Àwọn kan kì í ka ohun tó ń jẹ tán bíi páàdì bíréèkì, táyà àti gílóòbù mọ́ ọn. Àwọn kan ya máṣíìnì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ajé sọ́tọ̀, ẹ wò ó dáadáa.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ, ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá ní "ẹ bá mi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì," wọ́n á wo ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á ní kò ní nǹkan kan. Ẹ sọ pé: "Ó ń dún kọ̀-kọ̀ níwájú, lápá òsì, tí mo bá gun bọ́ǹpù pẹ̀lú eré 20 sí 30 kìlómítà ní wákàtí kan, èmi nìkan ni mo wà lórí ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ti rin kìlómítà 640." Kí ọjọ́, iye kìlómítà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ àti òǹtẹ̀ wọn wà lórí ẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà tiyín, tàbí ó kéré tán, ẹ yà á ní fọ́tò.

Bí wọ́n bá wá sọ pé gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ ohun méjì pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gun òmíràn tó jẹ́ irú ẹ̀ lórí bọ́ǹpù kan náà." Bí ìyẹn kò bá dún, ọ̀rọ̀ ti parí. Èkejì ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wò ó, pé kò léwu." Ó ṣòro fún ẹni tí kò wò ó dáadáa láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ariwo náà bá sì di nǹkan ńlá lẹ́yìn tí wáráǹtì parí, ẹ ní ẹ̀rí pé ìgbà tó ṣì wà lábẹ́ wáráǹtì lẹ ti fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Kí ló dé tá a fi ní kí mẹkáníìkì ìta má fọwọ́ kàn án? Ó lè mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti tú ṣọ́ọ̀kì, bó bá da ọ́ìlì tó ki sí i tàbí tó ki róbà bọ̀ ọ́ kó lè dákẹ́, ilé iṣẹ́ náà ti rí àwáwí. Ariwo á dákẹ́, àbùkù á ṣì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ pàtó láti fèsì. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò lábùkù, tó sì lè ṣiṣẹ́ tí a rà á fún, fún ìwọ̀n àkókò tó bójú mu. Ó tún ní kí ẹni tó ń tajà fún yín ní rìsíìtì. FCCPC lẹ lè fi ẹjọ́ sùn bí ilé iṣẹ́ náà kò bá dá yín lóhùn. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó tà á, ìwé tẹ́ ẹ ti gbà ló máa dáhùn fún yín. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, kóòtù kékeré tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ tún wà láti ọdún 2018, bó bá jẹ́ iye owó pàtó lẹ fẹ́ gbà padà.

Ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí kì í dé ibẹ̀ rárá. Nọ́ọ̀tì kan tí wọ́n fún, bóòtù mọ́gáàdì kan, róbà kan tí wọ́n pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó tán.

Ibi tá a máa dánu dúró sí lónìí nìyẹn o. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra máṣíìnì, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kí sáfíìsì àkọ́kọ́ ẹ̀ tó pé. Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bẹ́ ẹ bá sì gba ariwo kan sílẹ̀, ẹ fi ohùn ẹ̀ kún un. A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dé àṣíborí yín, ẹ rọra gùn.