Ìrìn Ẹsẹ̀ Láàárín Ilé Àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́

Lẹ́yìn Mísà Ọjọ́ Ìsinmi, àwa ìdílé mélòó kan wọ ọkọ̀ láti Ekpè lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Kò jìnnà: kí a la Sèmè kọjá, kí a gun afárá ọ̀sà, a ti dé. Ẹnì kan tó mọ ìlú náà dáadáa ló ṣáájú wa, ẹsẹ̀ ni a sì fi rìn láti etí ọ̀sà wọ inú àwọn àdúgbò àtijọ́.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti àwọn ọmọ wọn, ni wọ́n padà wá kọ́ àwọn ilé tí a lọ wò. Púpọ̀ wọn dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia ní 1835. Wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dání, wọ́n sì mú orúkọ àwọn ẹni mímọ́ bọ̀. Kí Fadá Borghero tó dé Ouidah ní 1861, àwọn Àgùdà ti ń gbàdúrà lóhùn-ún. Abájọ tí Yorùbá fi ń pe àwa ọmọ ìjọ Kátólíìkì náà ní Àgùdà.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn. Orí fèrèsé tẹ̀ bí ọrun, pákó ni ilẹ̀kùn rẹ̀, bíríkìlà sì fi ọwọ́ ya òdòdó sára ògiri yí i ká. Ẹnu ya àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n fi ibi tí ìrẹ́ ara ògiri ti bọ́ hàn wá: amọ̀ pupa ni inú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Amọ̀ a máa pẹ́ bí òrùlé kò bá jò. Ṣùgbọ́n bí páànù kan bá ṣí, tí àwọn ọmọ olóògbé ń jà sí ogún, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ náwó sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, òjò ọdún mélòó kan yóò sọ ọ́ di òkìtì. A rí irú rẹ̀ lọ́nà: ògiri méjì ló kù, igi ìbẹ́pẹ ti hù láàárín pálọ̀.

A kàn yà sí ààfin Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 sí 1908. Iwájú Mọ́sáláṣí Ńlá ni àwọn ọmọ kọ̀ láti kúrò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1912, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ṣe àmì àgbélébùú, nítorí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia gan-an, pẹ̀lú ilé gogoro méjì àti ọ̀dà aláràbarà. Àwọn Àgùdà kan jẹ́ mùsùlùmí, bíríkìlà kì í sì í yí ọwọ́ padà nítorí ẹ̀sìn.

Ní 1996, ìjọba Benin kọ orúkọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí ránṣẹ́ sí UNESCO, pé kí wọ́n lè di ohun ìní gbogbo ayé. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé kì í bo òrùlé. Ní Èkó, ilé ìdílé Fernandez tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar ti wà nínú ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o. Lójú tiwa, owó páànù mẹ́ta tí ìdílé bá ń dá lọ́dọọdún ṣiṣẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, oṣù kìíní ni kó lọ, nígbà tí àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Bonfim: wọn yóò gba Mísà, lẹ́yìn náà eégún Bourian yóò jáde. Kí ó sì tọrọ àyè kí ó tó wọ àgbàlá, nítorí èèyàn ṣì ń gbé inú ọ̀pọ̀ àwọn ilé náà.