Àdúrà Dára, Ìbò Náà Dára

  Akáńtáǹtì ni mí, owó ni mo máa ń ṣírò, ṣùgbọ́n lónìí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti òṣèlú ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Láàárín àwa tí a ń lọ sóòṣì tàbí mọ́ṣáláṣí déédéé, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀: "Òṣèlú, iṣẹ́ èṣù ni. Èmi ti fi tèmi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọ̀pọ̀ wa tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló rí June 12, 1993. Mùsùlùmí ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, Mùsùlùmí náà ni Babagana Kingibe tí wọ́n jọ díje, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ Krìsìtẹ́nì tò, wọ́n dìbò fún wọn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba ológun Babangida fagi lé e. Abíọ́lá kú sí àhámọ́ ní July 7, 1998. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn èèyàn jáde ni June 12 fi ní orúkọ, tó sì fi di Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa ní Nàìjíríà láti 2019.

Ọjọ́ mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀: June 11, 2004. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n bi àwọn ọmọ onílùú Áyálándì pé ṣé kí wọ́n yí òfin padà, kí ọmọ àjèjì tí a bí síbí má kàn di ọmọ ìlú lójú ẹsẹ̀ mọ́. Nínú 100 tó dìbò, bíi 79 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti January 1, 2005, òbí tó jẹ́ àjèjì gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú yìí lábẹ́ òfin fún ọdún mẹ́ta nínú mẹ́rin tó ṣáájú ìbí ọmọ náà. Ìdí nìyí tó fi lè ṣẹlẹ̀ pé nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n tí a bí ní 2003 ní páálí Áyálándì láti inú ìkókó, àbúrò tí a bí ní 2006 kò ní in. Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n dára ju àbúrò lọ o. Òfin ló yí padà láàárín wọn.

Ọjọ́ yẹn gan-an náà ni ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ní Portlaoise, àwọn aráàlú dìbò yan ọmọ Yorùbá kan, Rotimi Adebari, tó wá síbí ní 2000 láti wá ààbò. Ní June 2007, ó di mayor ìlú náà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Áyálándì. DCU tó múlé tì wá níbí ló ti gba oyè másítà. Ní 2019, Yemi Adenuga, ọmọ Nàìjíríà, wọlé sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Meath.

Ẹ wò ó: ọjọ́ kan, ìbò méjì, èsì méjì. Ti òfin yẹn, ọmọ onílùú nìkan ló lè dì í. Ti ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń gbé ìlú, tó sì ti pé ọmọ ọdún 18, ló lè dì í, ìbáà ní páálí, ìbáà má ní. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí títí dòní.

Àwa ará Ballymun ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ilé gogoro méje tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sọ ní orúkọ àwọn méje tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira 1916, kò sí ìkankan mọ́. Plunkett ló kẹ́yìn, ní 2015. Ìjọba kò kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí líìfìtì tó ń bàjẹ́ àti ìyà mìíràn, kí ètò àtúnkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn kan wọ́de ní Ballymun yìí nítorí àwọn tó ń wá ààbò. Àwọn tó ń ní ká máa lọ sílé wa, àwọn náà ń dìbò o.

Ẹ̀sìn wá ń kọ́? Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n dáko, kí wọ́n sì máa wá ire ìlú náà. Kò ní kí wọ́n di ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n máa wo ọ̀nà. Àwọn àfáà wa náà máa ń ní kí a so ràkúnmí mọ́lẹ̀ ká tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run ò kọ aájò.

Ohun tó wà ní ṣíṣe kò le. Ẹ lọ sí voter.ie pẹ̀lú nọ́ńbà PPS yín, tàbí kí ẹ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ káńsù. Ọmọ ọdún 16 àti 17 náà lè fi orúkọ sílẹ̀ de ọjọ́ tí wọ́n bá pé 18. Lórí ìwé ìbò, ẹ kọ 1 sí ẹni tó wù yín jù, 2 sí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Káńsẹ́lọ̀ 63 ló wà ní Dublin City Council, mẹ́fà sì ni ti Ballymun-Finglas. Wọ́n lẹ́nu lórí ilé káńsù, ilé ìkàwé àti ibi tí ọmọ yín ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìbò tó kọjá jẹ́ ti June 7, 2024. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni, nítorí náà 2029 ló kàn.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ kan ni mo rán yín. Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ń jẹun, ẹ bi dádì àti mọ́mì yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orúkọ yín wà nínú ìwé ìbò?" Bí wọ́n bá ní "a ó ṣe é lọ́la," ẹ rántí bi wọ́n lọ́la.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ṣòfò lájò o. Àmín.