Òjò Dídì àti Ewu Ìyalulẹ̀ Rẹ̀ Lórí Àwọn Òkè Swítsàlandì

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Òjò dídì ni èyí tí ó ń rọ̀ láti ojú sánmà ní ìgbà òtútù, tí ó funfun, tí ó sì fúyẹ́. Ìrì dídì kì í rọ̀ ní tirẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń dì mọ́ ojú ilẹ̀ ní òru tí òtútù mú, tí ojú ọ̀run sì mọ́. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kò da méjèèjì pọ̀. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti èdè nìkan, nítorí pé lórí àwọn òkè Alps, ìrì dídì tí òjò dídì tuntun bò mọ́lẹ̀ wà lára ohun tí ó ń ṣekú pa àwọn arìnrìn-àjò orí òkè.

Bí òjò dídì ti ń rọ̀ léraléra ni ó ń tò ní ìpele lórí ìpele. Gbogbo ìpele náà kò lágbára bákan náà. Bí òjò dídì ilẹ̀ kò bá nípọn, tí afẹ́fẹ́ sì tutù nini, ọ̀rinrin á máa gòkè láti ìsàlẹ̀ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Hóró òjò dídì á wá tóbi, á ní igun, kò sì ní lẹ̀ mọ́ra mọ́, àfi bíi gààrí tí omi kò kàn. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn lè gbá òjò dídì tuntun jọ sórí rẹ̀ kí ó sì kì í mọ́ra títí yóò fi le. Àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ní ilẹ̀ náà ń pe irú èyí ní pátákó òjò dídì, orúkọ náà sì bá a mu: pátákó ni a gbé lé gààrí lórí, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá ti tó dígírì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo ènìyàn kan tí ó wọ síkì tó láti fọ́ ìpele tí kò lágbára náà. Ìfọ́ náà á sáré ká abẹ́ òjò dídì, pátákó á já, gbogbo rẹ̀ á sì ya lulẹ̀. Nínú ìjàǹbá 10 tí ó pa arìnrìn-àjò báyìí, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ pé olóògbé fúnra rẹ̀ tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tú u. Òkè máa ń kìlọ̀ nígbà mìíràn: ìró "gbì" lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí kí ojú òjò dídì là gààràgà níwájú ẹni. Ipa ẹsẹ̀ ẹni tí ó ti kọjá kì í ṣe ẹ̀rí pé kò séwu.

Ilé-ìwádìí òjò dídì tí ó wà ní ìlú Davos, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Weissfluhjoch ní ọdún 1936, ń kéde òǹkà ewu lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù, láti 1 dé 5, lórí ìwọ̀n tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fẹnu kò sí ní ọdún 1993. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń kú ni ó kú ní ọjọ́ tí òǹkà jẹ́ 3. Ní 4 àti 5, ọ̀pọ̀ ń jókòó sílé; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fojú máàkì ìdánwò wo 3 nínú 5 yóò kà á sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí òǹkà ṣe ń gòkè ni ewu ń di ìlọ́po, òǹkà 3 sì túmọ̀ sí pé ewu ti pọ̀ gidi.

Òjò dídì tí ó ya lulẹ̀ máa ń le bíi kọnkéré ní kété tí ó bá dúró. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2024 lórí àwọn tí ó bò mọ́lẹ̀ ní Swítsàlandì fi hàn pé ó ju 90 lọ nínú 100 tí ó yè nígbà tí a hú wọn jáde láàrin ìṣẹ́jú 10. Láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 30, ó já wálẹ̀ sí 31. Agbára káká ni hẹlikọ́pítà fi lè dé láàrin ìṣẹ́jú 10. Ẹlẹgbẹ́ ẹni ni olùgbàlà, bí oníkálukú bá gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń fọn àmì rédíò sára, tí ó sì ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gún òjò dídì wò àti ṣọ́bìrì. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn yòókù á dúró sí ibi tí kò séwu, tí wọn kò sì ní gbójú kúrò lára ẹni tí ń kọjá.